Àǹtí Tó Ń Sá Ìgò Sóòrùn

Bí oòrùn bá mú, mo máa ń rántí àǹtí olùwádìí tí mo máa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé láti Igbókòdá. Á bu omi odò wa tí epo rọ̀bì ti bà jẹ́ sínú ìgò, á da ẹ̀rún wúrà tí ojú ò lè rí sí i, á sì sá a sóòrùn.

"Ìmọ́lẹ̀ ló ń ru wúrà sókè kó lè fọ́ epo," ni yóò wí.

Lọ́jọ́ kan tó sọ̀kalẹ̀ ní Òde Ugbò, mo fi àpò tútù bo àwọn ìgò náà, bí a ti ń bo ẹja.

"Àbúrò, ta ló bò wọ́n?"

"Èmi ni, àǹtí. Kí wọ́n má baà rà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Mi ò dé fìlà nínú ọkọ̀ mọ́. Bóyá oòrùn á ru ọpọlọ tèmi náà sókè.