Ẹ-Dákẹ́-Ná, Ẹni Tó Gbọ́ Èdè Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ tí bàbá atúnkọ̀ǹpútà-ṣe tó ti di olóògbé báyìí pa ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́nu mọ́ lójú gbogbo olùkọ́ ni wọ́n sọ ọ́ ní Ẹ-Dákẹ́-Ná. Orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí ó fi papò dà.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Arúgbó kọ̀ǹpútà ni, irú èyí tí àpótí rẹ̀ tóbi tó àga kékeré, tí ojú rẹ̀ sì ní ikùn lẹ́yìn bí ẹni tó jẹun yó. Inú rẹ̀ ni orúkọ àti máàkì gbogbo ọmọ tó ń jáde lọ́dún yẹn wà, ọ̀sán ọjọ́ kejì sì ni àwọn òbí ń bọ̀ wá gba ìwé. Akọ̀wé, obìnrin tó ń tẹ gbogbo ìwé ilé-ìwé náà, ti tẹ bọ́tìnì títí ìka fi ń dùn ún. Fáànù ń yí, iná kékeré iwájú rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò ṣe ju kó máa ké lọ: "Píìì! Píìì! Píìì!"

"Ó ti kú," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nù, ká ra tuntun."

"Máàkì àwọn ọmọ ńkọ́, sà?" ni akọ̀wé bi í. "Ṣé a ó ra ìyẹn náà ní tuntun ni?"

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe bàbá atúnkọ̀ǹpútà-ṣe. Ọkùnrin náà ga, ó tín-ín-rín, okùn ló fi so awò ojú mọ́ etí, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sì wúwo tó fi jẹ́ pé èjìká kan rẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Kò kí ẹnikẹ́ni ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó kúnlẹ̀, ó gbé etí lé àpótí náà.

"Lójú tèmi," ni ọ̀gá ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀, "ó jọ pé omi ló..."

"Ẹ dákẹ́ ná."

"Ohun tí mò ń sọ ni pé..."

"Ẹ dákẹ́ ná, sà! Aláìsàn ń sọ̀rọ̀, ẹ ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Àwọn olùkọ́ gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà bí ẹni pé wọn ò rí i rí. Nígbà tí ọ̀gá tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí òwú: "Kí ló wá ń sọ?"

"Ó ní òun ò rántí nǹkan kan mọ́."

Ó yọ wáyà kúrò lára iná, ó ṣí àpótí, ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin rẹ̀. Inú rẹ̀ ló ti fa pátákó pẹlẹbẹ kan yọ, kò gùn ju ìka méjì lọ, eyín wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà sì tò sí etí rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan. Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn láì wẹ̀yìn: "Ẹ fún mi ní irésà."

"Irésà wo?"

"Irésà tí àwọn ọmọ yín fi ń pa ìṣirò tí wọ́n ṣì rẹ́."

Wọ́n fún un. Ó fi ra àwọn eyín náà títí wọ́n fi ń dán, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tì í padà sáyè rẹ̀ títí ó fi dún "kọ́". Ó so wáyà, ó tẹ bọ́tìnì. Kọ̀ǹpútà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Akọ̀wé pariwo ayọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ àpótí náà.

"Eyín rẹ̀ ló dọ̀tí," ni bàbá wí bó ṣe ń kó irinṣẹ́ rẹ̀. "Bí a bá ń sọ gbogbo ẹni tí eyín rẹ̀ dọ̀tí nù, mélòó ló máa ṣẹ́kù nínú wa?" Ọ̀gá ilé-ìwé yára pa ètè dé.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé àtijọ́ ni Ẹ-Dákẹ́-Ná kọ́kọ́ ń tún ṣe. Nígbà tí ayé pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tì, ó bá kọ̀ǹpútà lọ bí ẹni tó bá àbúrò olólùfẹ́ rẹ̀ lọ: kò gbàgbé ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣìkẹ́ ti ìkejì. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe dàgbà tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wù ú tó. Ilé rẹ̀ kún fún wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ fún àwọn àlejò pé, "Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá ló wà nílé yìí. Bí mo bá fẹ́ kọ lẹ́tà, bírò ni mo ń yá lọ́wọ́ aládùúgbò."

Ìgbà kan wà tí ayafọ́tò kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, ó ní bó bá tàn, kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí í fi ń kú. Ẹ-Dákẹ́-Ná tú u. Ẹ̀gbin ti dí fáànù pa. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin ọmọńlé méjì, funfun bí òwú, sì lẹ̀ mọ́ igun àpótí. Ó kó ẹ̀gbin kúrò ní wàràwàrà, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ẹyin, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ó wá ṣíbí, ó wá agolo, ó da iyẹ̀pẹ̀ sínú agolo, ó ń fi ṣíbí yọ ẹyin jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbẹ̀bí. Ayafọ́tò wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Bàbá, kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá o. N ò gbé adìyẹ wá!"

"Mo mọ̀," ni Ẹ-Dákẹ́-Ná dá a lóhùn. "Ìwọ lo ni kọ̀ǹpútà. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí ló ń gbé inú rẹ̀."

Ìyá kan tún wà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìgbà tó bá tan kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ṣe ni ẹ̀rọ náà máa ń dúró gbagidi, táá ní òun ò mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, táá sì gbé ọdún kan tó ti pẹ́ kọjá jáde. Ẹ-Dákẹ́-Ná fi bátìrì pẹlẹbẹ kan tó rí bí bọ́tìnì ẹ̀wù hàn án, ó ní bátìrì náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ gbàgbé ọjọ́, ó sì ti kú.

Ìyá wo ọdún tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ọdún yẹn. Nínú gbogbo ilé yìí, òun nìkan ló gbà pé n ò tíì ju ẹni ogójì ọdún lọ."

Ẹlòmíràn ì bá bá a jiyàn. Ẹ-Dákẹ́-Ná fi bátìrì tuntun sí i, ó sì bi ìyá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé oṣù wo nínú ọdún yẹn ló wù wọ́n jù.

Ṣùgbọ́n èyí tí akọ̀wé fi sí ọkàn jù, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ irésà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ẹnu iṣẹ́ náà. Ọdún méjì gbáko ló ti fi wá iṣẹ́ kiri, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti kìlọ̀ fún un pé ẹni bá ba kọ̀ǹpútà jẹ́, kó máa lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹrin, ó tẹ bọ́tìnì, kò sí nǹkan kan. Iná kò tàn, fáànù kò yí. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń tẹ bọ́tìnì náà léraléra.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá atúnkọ̀ǹpútà-ṣe, ó dé, ó rá wọ abẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ló ti rí i pé wáyà iná ti yọ díẹ̀ lẹ́yìn àpótí, ipa bàtà sì wà lára rẹ̀ gbàgàdà. Ó wo wáyà, ó wo bàtà akọ̀wé, ó gbójú sókè wo ojú rẹ̀. Omi ti lé ròrò lójú obìnrin náà.

"Ìyá mi," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀."

Ó ti wáyà náà wọlé. Iná tàn. Iṣẹ́ parí níbẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀ ó tú àpótí, ó gbọn eruku, ó fún síkúrù tí kò tú, ó ń fi imú kọrin fún bíi wákàtí kan, títí ọ̀gá fi wọlé.

"Kí ló ṣe é?"

"Ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé ni kò já geere, sà. Mo ti tún un ṣe."

"Àbí akọ̀wé tuntun yìí ló bà á jẹ́?"

"Òun kẹ̀! Ẹ di obìnrin yìí mú dáadáa o, sà. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó rí i pé kò tàn."

Nígbà tí akọ̀wé lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò jẹ́ kó kúnlẹ̀. "Wáyà lo tẹ̀," ló wí. "O ò tẹ̀ mí." Ó wá fi í jókòó, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà: kó kọ́kọ́ wo iná, kó tó fetí sílẹ̀, kó tó ṣí i, kó má sì fi ìbínú fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé yẹn ló fi tọ́jú ìyá rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi le, ibẹ̀ náà ló sì ti di olórí ọ́fíìsì lónìí.

Ọ̀sán gangan ni Ẹ-Dákẹ́-Ná kú, lórí àga, bó ṣe ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tó pé oṣù kan, akọ̀wé lọ kí ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti tú ọ̀rọ̀ wáyà náà sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí ọkùnrin kan fi yọ sí wọn, ó gbé àpótí kọ̀ǹpútà lé èjìká, òógùn bò ó.

"Ẹ kú ilé o. Ṣé bàbá wà?"

"Wọ́n ti papò dà," ni ìyàwó olóògbé wí. "Ó pé oṣù kan lónìí."

Ọkùnrin náà rọra sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ nu orí àpótí náà. "Nígbà tí wọ́n bá mi tún un ṣe kẹ́yìn," ló wí, "mo ń kánjú. N ò dúpẹ́ bó ṣe yẹ."

Akọ̀wé sún lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ jókòó, sà. Ọpẹ́ náà ni èmi wá dú."

Ó jókòó. Wọ́n fún un lómi, ó mu ún, ó nu ẹnu. "Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wá bá wọn," ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín sì ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó olóògbé fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, nítorí kò gbọ́ ìtàn ọkọ rẹ̀ yẹn rí.