Wíìlì Tó Tóbi Ju Prẹ́ẹ̀sì Lọ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú gáréèjì ilé mi ní Aṣéró, ní Abẹ́òkúta, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fẹ́ fọ́nnu díẹ̀ o! Ẹ gbà mí láyè.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ irin ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Obìnrin tó ń kọ́ni níṣẹ́ irin, ẹ̀rín ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Tíṣà onírin" ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, mo sì ti gbà á lórúkọ.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì ní Ọ̀fàdà. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi ń jẹun. Lọ́jọ́ Ajé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ló bá dákẹ́. Bíárìn, irin roboto tó ń jẹ́ kí ọ̀pá yí geere, tó wà lẹ́yìn wíìlì ńlá tí bẹ́líìtì ń yí lórí rẹ̀ ló bàjẹ́. Kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, wíìlì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lára ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó gbé e dúró. Ìpẹtà sì ti so àwọn méjèèjì pọ̀ bí tọkọtaya.

Àsìkò ìkórè ló tún wá bọ́ sí! Àwọn obìnrin tó ti se ìrẹsì wọn, tí wọ́n ti sá a gbẹ, to àpò jọ síwájú ẹ̀rọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn kan ti ń gbé tiwọn lọ sí Owódé. Ta ni kò mọ̀ pé oníbàárà tó bá ti mọ ọ̀nà ibòmíràn kì í sábà padà? Ìyá ò sunkún, ṣùgbọ́n wọn ò jẹun.

Múfù, mẹkáníìkì wọn, gbé wíìlì àti ṣáàfù náà wá sí Abẹ́òkúta. Gbogbo ibi tí prẹ́ẹ̀sì wà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ti irin jáde nínú irin, la dé. Wíìlì náà ò wọnú ìkankan nínú wọn. Ó tóbi jù! Múfù wá ní kí a gbé òòlù ńlá, kí a lù ú títí yóò fi gbà. Mo ní rárá o. Irú irin yẹn, tó bá ti sán, ó parí nìyẹn. Níbo la ti fẹ́ rí òmíràn rà?

Mo ní kí wọ́n gbé e wá sílé mi.

Kí n má purọ́, mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ló yá mi! Irin ṣáásí ọkọ̀ akẹ́rù kan wà ní gáréèjì, tí ọkọ mi ti ń bẹ̀ mí pé kí n kó dànù. Mo gé e sí mẹ́rin. Mo fi méjì sẹ́yìn wíìlì, méjì síwájú, mo fi bóòlùtù gígùn mẹ́rin tó ní nọ́ọ̀tù so wọ́n pọ̀, mo wá ki jáàkì sáàárín irin iwájú àti orí ṣáàfù.

Mo pọ́ǹpù, jáàkì ò mira. Kí ló dé? Mo ti tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, jáàkì elépo kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa tó bá dùbúlẹ̀! Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ni mo gbàgbé. Ojú tì mí. A gbé gbogbo rẹ̀ nàró sórí búlọ́ọ̀kù.

Jáàkì wá gbéra. Mo pọ́ǹpù títí ọwọ́ fi ń ro mí, irin ń ké, wíìlì ò yẹ̀. Múfù tún ń wo òòlù. Ìyá, tí wọ́n bá Múfù wá, tí wọ́n sì ti jókòó tì wá láti àárọ̀, ló wá bi mí pé:

"Bọ́sẹ̀, ṣé ẹ ti fún un ní omi gbígbóná?"

Wọ́n ní tí ìdérí bá lẹ̀ mọ́ àgbá tí àwọn fi ń se ìrẹsì, ìdérí nìkan làwọn máa ń da omi gbígbóná sí, á sì ṣí. Múfù rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Irin tó bá gbóná a máa fẹ̀! Tí wíìlì bá gbóná tí ṣáàfù tutù, ihò àárín wíìlì á fẹ̀ sí i. Mi ò ní gáàsì tí wọ́n fi ń mú irin gbóná, ṣùgbọ́n mo ní ìkòkò.

Ìyá fúnra wọn ló se omi náà, àwọn náà ló rọra ń dà á yí àárín wíìlì ká. Mo ní kí gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn. Mo pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, gbàù! Ṣáàfù já sílẹ̀. Ìyá fọwọ́ pa wíìlì náà yíká, wọ́n ń wá ibi tó ti sán. Kò sán níbì kankan. Inú mi dùn débi pé mo jó!

Múfù pààrọ̀ bíárìn, ó dá wíìlì padà sáyè rẹ̀, nígbà tó sì di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ dún ní Ọ̀fàdà. Àwọn tó lọ sí Owódé ti ń padà. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ẹnjiníà wo ló tún un ṣe. Ìyá ní, "Ọmọ mi ló ti irin, èmi ni mo se omi."

Èmi ní ìwé ẹ̀rí, Múfù ní òòlù, kò sí èyí tó rántí bi ẹni tó ni ẹ̀rọ léèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìgbà wo lẹ fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe? Ta ló sì fún yín ní èrò tó là á? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Àmọ́ ẹ ní sùúrù fún mi kí n tó fèsì: Múfù ti gbé irin katakata kan dé láti Ọdẹ́dá, ó wà lẹ́nu géètì, ó ń béèrè bóyá omi ti wà lórí iná.