Ilé Tí Wọ́n Ní Kí N Yàn

Òórùn ọ̀dà tútù máa ń bí mi nínú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè pa ọ́ lẹ́rìn-ín, torí inú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dùn bí wọ́n bá gbọ́ òórùn yẹn: ọdún ló ń bọ̀, tàbí ilé tuntun, tàbí yàrá tí wọ́n ń tún ṣe de ọmọ. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń kun ògiri ní Òṣogbo yìí, ńṣe ni mo máa ń fọwọ́ bo imú, tí màá sì yára rìn. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni délẹ̀délẹ̀ rí. Ìwọ tá a jọ dàgbà, ìwọ ni mo lè sọ ọ́ fún.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti ọkọ mi ń gbé nínú agbo-ilé wọn ní Òkè-Baálẹ̀. Agbo-ilé àtijọ́ ni, ògiri rẹ̀ nípọn, iwájú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ìyá ọkọ mi ti ń ta aṣọ wà, mọ́sálásí sì wà ní òdìkejì títì. Ọjọ́ tí mo wọlé níyàwó, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá mi dúró, tí ìyá ọkọ mi fúnra wọn bu omi sí mi lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń wúre bí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n fẹ́ràn mi, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pé mo jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kò dá ìjà kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò síbi tí mo lè jókòó sí tí ẹnìkan ò ní pè mí. Ilé ìwẹ̀ kan ni gbogbo agbo-ilé ń dúró dè. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi á wọlé láì kanlẹ̀kùn, wọ́n á gun orí bẹ́ẹ̀dì wa, wọ́n á ní àwọn fẹ́ wo fíìmù lórí fóònù mi. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, pé ó yẹ ká kó jáde. "Obìnrin ló nilé," ó ní. "Ibi tó o bá yàn la máa gbé." Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidi gan-an lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin nídìí ìkòkò ọbẹ̀.

Mo ti mọ ibi tí mo fẹ́ kó tó yanu. Ojú ọ̀nà Ìbòkun ni, níbi tí wọ́n ti ń jáde l'Òṣogbo lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà sì ni yèyé mi ń dá gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ojú ń yọ yèyé mi lẹ́nu. Dókítà ojú tó yẹ̀ wọ́n wò ní Iléṣà sọ fún wa pé àìsàn náà kì í dunni, pé díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jí ìríran gbé, àti pé èyí tó bá ti lọ kì í padà. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú ló lè dá a dúró, ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, láì fo ọjọ́ kan. Ọwọ́ yèyé mi sì ń gbọ̀n. Bí wọ́n bá fẹ́ kán an fúnra wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni oògùn máa ń bọ́ sí. Èmi ni mò ń kán an fún wọn kí n tó relé ọkọ. Bí a bá ń gbé lójú ọ̀nà Ìbòkun, mo lè wọ mọ́tò ní ìdájí, kí n yà sọ́dọ̀ wọn kí n kán oògùn kí n tó lọ síléèwé. Bí iṣẹ́ bá parí, mo lè dúró tì wọ́n di ìrọ̀lẹ́, kí n tún kán an, kí n sì wálé. Ohun tí mò ń wá nínú ilé kò ju ìyẹn lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi, ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ yèyé mi jẹ òun lógún.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wálé kiri nìyẹn, ní gbogbo Sátidé. Ọkọ mi ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣe ajẹ́ǹtì, ọkùnrin kan tó máa ń wọ bàtà funfun rìn nínú ẹrọ̀fọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ la máa ń wọ̀. Kò sí àdúgbò tá a ò dé. A dé Òkè-Fíà, a dé Ògo-Olúwa, a dé ibi tí mi ò mọ̀ pé Òṣogbo nà dé. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi wolé títí, mi ò rí ọmọ tí màá sọ lórúkọ. Bí ilé kan bá ti wù mí báyìí, àbùkù rẹ̀ á hàn sí ọkọ mi. Eléyìí, páànù rẹ̀ ti ń dípẹtà. Tọ̀hún, onílé ń gbé inú ọgbà kan náà, kò ní jẹ́ ká gbádùn. Ibòmíràn, ó ní adìyẹ àdúgbò ti pọ̀ jù. Adìyẹ! Ọkùnrin tí wọ́n bí sí Òkè-Baálẹ̀, níbi tí àgùntàn ń sùn lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo rò pé ohun tó dára jù ló ń wá fún mi.

Àbúrò yèyé mi obìnrin, tó ń gbé ní Iléṣà, ló wá ń bá wọn kán oògùn ní gbogbo àsìkò yẹn. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ó rọrùn káwọn mú ẹ̀gbọ́n àwọn lọ sí Iléṣà pátápátá, káwọn jọ máa gbé, torí ọmọ wọn kan tó wà l'Ékòó ti ń pè wọ́n pé kí wọ́n wá bá òun tọ́mọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò fẹ́ lọ. Mo ní kí wọ́n má ṣe wàhálà, kí wọ́n lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ wọn, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rílé lójú ọ̀nà Ìbòkun. "Ṣé ó dá ọ lójú?" wọ́n bi mí. Mo ní ó dá mi lójú. Ọkọ mi jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mò ń sọ ọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló gbọ́.

Lóòótọ́, a rí ilé náà. Ó wà lójú ọ̀nà Ìbòkun gan-an, kò jìnnà sí ibi tí mọ́tò Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ti máa ń gbérò. Yàrá méjì ni, pálọ̀ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń wọlé láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, igi gúáfà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ìyá onílé, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló mú wa káàkiri. Mo dúró ní kíṣìnnì yẹn, mo ti ń wo ibi tí màá gbé àdògán sí. Wọ́n bi wá pé, "Ṣé ó wù yín?" Mo ní ó wù wá gan-an, mà. Ọkọ mi bu omi kànga sẹ́nu, ó fajú ro. "Omi yìí ní iyọ̀," ó ní. Mo tọ́ ọ wò, mi ò gbọ́ adùn iyọ̀ kankan. Ìyá onílé wò ó láti òkè délẹ̀. "Omi tí gbogbo àdúgbò ń mu láti ọjọ́ yìí rèé o, ọmọ mi." Mo bẹ ọkọ mi títí a fi délé, ó ní ká ṣì rò ó wò ná. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ajẹ́ǹtì ní ẹlòmíràn ti gbà á. Mo sunkún nínú ọkọ̀ ọkùnrin náà, mi ò tilẹ̀ tijú. Ọkọ mi ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ní Ọlọ́run ló mọ èyí tó dáa jù fún wa.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé mi lọ sí apá Ọ̀tà-Ẹ̀fun, lójú ọ̀nà Ìkìrun, òdìkejì ìlú pátápátá sí ibi tí mo fẹ́. Ilé tuntun ni. Òórùn ọ̀dà ti kí wa káàbọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mi ò lè sọ pé ilé náà ò dára. Táìlì ń dán nílẹ̀, omi ẹ̀rọ ń yọ, ọgbà rẹ̀ fẹ̀. "Láti ibí sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ńkọ́?" mo bi í. Ó ní òun ti ń wá mọ́tò tá a máa rà, kò ní pẹ́ tí òun á fi máa gbé mi lọ. Ó ní ààwẹ̀ ti sún mọ́lé, kò yẹ kó tún bá wa nínú yàrá kan yẹn. Ó wá sọ èyí tó dùn jù: "Ìwọ lo láṣẹ. Tó o bá ní rárá, a máa wá òmíràn." Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní ó dáa. Nígbà tí mo pe yèyé mi láti sọ fún wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí, irú èyí tí àwọn àgbà ọ̀dọ̀ wa máa ń béèrè. "Yèsí ló ni ulé náà?" Mo ní ẹni tó ni ín ń gbé lókè òkun, ajẹ́ǹtì ló ń bójú tó o. Ohun tí ọkọ mi sọ fún mi nìyẹn.

Ọjọ́ tá a kó ẹrù débẹ̀, kí n tó kanlẹ̀kùn ni ìyá ọkọ mi ti inú ilé ṣí i. Abọ́ omi wà lọ́wọ́ wọn, tówẹ̀lì wà léjìká wọn. "Dúró níbẹ̀, ìyàwó mi," wọ́n ní. "Jẹ́ kí n wẹ ẹsẹ̀ rẹ." Mo rò pé eré ni. Mo ní, "Mà, ṣé ẹ ò ti wẹ̀ ẹ́ ní Òkè-Baálẹ̀ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ilé bàbá wọn. Èyí, ilé tọ́mọ tèmi kọ́. Alihamudulilahi! Ọ̀dà yìí ló dá wa dúró látijọ́ yìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ní ìyàwó ò gbọdọ̀ wọlé kí wọ́n tó kùn ún tán."

Ìwọ náà mọ àṣà wa. Kò sẹ́ni tí í wẹ ẹsẹ̀ ayálégbé. Mo dúró níbẹ̀, omi tútù ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, ìyá ọkọ mi ń wúre pé màá bímọ síbẹ̀, màá darúgbó síbẹ̀, mo sì ń wo ọkọ mi. Kò wò mí. Ó ń sọ fún àwọn tó ń gbẹ́rù bí wọ́n ṣe máa yí bẹ́ẹ̀dì kó lè gba ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo wọlé, mo rí i pé àpótí ìyá ọkọ mi ti wà ní yàrá kejì, ẹní ìkírun wọn ti wà nílẹ̀, kọ́tìnì wọn ti wà lójú fèrèsé. Obìnrin náà ò mọ̀ pé wọ́n tàn mí. Wọ́n rò pé mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìdùnnú tó wà lójú wọn kò ní àbòsí kankan nínú, mi ò sì lè bá wọn jà.

Ọkọ mi ni mo dúró dè. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọ yàrá lọ kírun Alásárì, mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀. Ó ní kó tó di pé a wo ilé àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n òun ti fọwọ́ sí i pé ká wá máa gbébẹ̀ pẹ̀lú ìyá àwọn.

"Ilé ojú ọ̀nà Ìbòkun ńkọ́?"

"Wọn ò fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ní a ò gbà á mọ́."

"Kí ló dé tó o wá ń gbé mi kiri?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo ṣẹ̀. "Mi ò fẹ́ kó o rò pé wọ́n fipá mú ẹ wá síbí. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ lo yàn án."

Inú rere ló pe nǹkan náà. Títí di òní, inú rere ló ń pè é. Ká ní ó ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kìíní pé ilé ẹ̀gbọ́n òun la máa gbé, ǹ bá bínú, à bá jà, bóyá ǹ bá tiẹ̀ sọkún lọ bá yèyé mi. Ṣùgbọ́n ǹ bá gbà kí àbúrò wọn mú wọn lọ sí Iléṣà. Ẹni tó ní rárá fún ọ ti jẹ́ kó o mọ ọ̀nà tó kù fún ọ. Ẹni tó ti yàn tán, tó wá ní kó o máa yàn, ó ti dí ọ̀nà mọ́ ọ, ó sì tún ń retí ọpẹ́.

Nígbà tí mo fi pe àbúrò yèyé mi, wọ́n ti wà l'Ékòó, wọ́n ti pọn ọmọ sẹ́yìn. Mo gbìyànjú títí. Láti Ọ̀tà-Ẹ̀fun, màá wọ kẹ̀kẹ́ dé gáréèjì, màá jókòó sínú mọ́tò títí á fi kún, ìgbà tí mo bá fi dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, wọ́n ti lu aago iléèwé. Oògùn àárọ̀ kọjá nìyẹn. Aládùúgbò kan ń bá mi kán an nígbà tó bá rántí. Mọ́tò tá a fẹ́ rà kò kúrò lẹ́nu ọkọ mi. Lẹ́yìn ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, mo yà sọ́dọ̀ yèyé mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá wọn lórí àga níta gbangba. Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. "Ṣé wọ́n ti muná lọ ni?" wọ́n bi mí. Oòrùn ń ta wọ́n lójú.

Mo fẹ́ mú wọn wá sọ́dọ̀ mi. Yàrá wo ni màá fi wọ́n sí? Àwọn fúnra wọn ló kọ̀, wọ́n ní ìyá kì í gbé ulé àna. Ìbátan wa kan ló ń gbé lọ́dọ̀ wọn báyìí. Ìyá ọkọ mi máa ń di oúnjẹ fún mi lọ fún wọn lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n máa ń gbàdúrà fún ojú yèyé mi lórí ẹní, mo máa ń dúpẹ́, mo sì máa ń bínú lẹ́ẹ̀kan náà.

Láìpẹ́ yìí, ọkọ mi ní ó tó àkókò ká ra ilẹ̀ tiwa. Òun àti ajẹ́ǹtì gbé mi lọ síbi kan tí wọ́n ti gé ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì, koríko bò ó, ó lọ bẹẹrẹ. Ó nawọ́ sí i. "Èwo ló wù ẹ́ níbẹ̀? Ìwọ ni kó o yàn."

Mo ní, "Èyí tó o bá ti mú ni mo mú."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun ti gbọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lóòótọ́ ni, mo ti gbọ́n. Ojú yèyé mi ni mo fi ra ọgbọ́n náà.