Ìṣẹ́jú Márùn-ún Ìdákẹ́jẹ́ ní Bajúlayé

Kí n tó ra ẹ̀rọ náà, ẹnu ìyàwó mi ni mo ti ń wo fíìmù. Bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ gan-an nìyẹn, n kò ṣì í kọ. Ojú mi wà lára tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n etí mi ti fẹ̀yìn tì kí èmi fúnra mi tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fi ọdún márùndínlógójì dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ tó ń fi ariwo ka ìṣirò, tó sì tún ń gbé lókè ilé ìtẹ̀wé ní Bajúlayé, ní Ṣómólú, etí onítọ̀hún kò lè rí bíi ti ọmọ tuntun. Àwọn tó ń ṣe fíìmù nígbà náà kò sì ràn wá lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe pàtàkì jù lọ ni wọ́n máa ń da orin lé àwọn òṣèré lórí.

Nítorí náà, bí obìnrin kan bá la ẹnu nínú fíìmù, màá yíjú sí ìyàwó mi.

“Kí ló sọ?”

“Ó ní ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ òun.”

“Kí ni ọkọ wá sọ?”

“Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ọ́ ná, Bàbá wa! Àbí inú ikùn rẹ̀ ni kí n ti lọ mú un wá?”

Ó mọ iṣẹ́ náà, n kò lè purọ́. Fíìmù kan wà tí a fẹ́ràn, ti ìyá kan tó lé ọmọ orogún rẹ̀ jáde nílé. Nígbà tí ìyá náà dàgbà, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọmọ yẹn. Ìyàwó mi ní ohun tí ìyá náà sọ lẹ́nu ọ̀nà ni pé, “Ọmọ tí mo lé jáde mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Èmi tí mo lé e ni mo ṣìnà.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Òun ni mo fi kádìí ọ̀rọ̀ ìdágbére mi nígbà tí mò ń fẹ̀yìn tì, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi méjì sì nu ojú.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan, mo bi í ní “kí ló sọ” fún bí ìgbà ogún. Ó fi rìmóòtù lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ̀yin ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà,” ó ní. “Èmi náà ti fẹ̀yìn tì lónìí lẹ́nu iṣẹ́ etí yín.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe délẹ̀ nìyẹn. Bí n kò bá wá ọ̀nà tí èmi fúnra mi yóò fi máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àwòrán lásán ni màá máa wò títí ayé mi.

Àwọn ológun ti padà sí bárékè wọn nígbà yẹn, àwọn alágbádá ti gba ìjọba, ojú ọ̀nà Pedro sì kún fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ tí a kò rí rí. Mo lọ sí ilé ìtajà kan níbẹ̀ nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ìwé kíkọ tí mo ti fa ìlà sí. Họ́ọ̀mù tíátà ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Risífà ni olórí rẹ̀, àpótí irin dúdú kan tó ń pín ohùn fún àwọn sípíkà bí ìyá ṣe ń pín ẹran. Mo fún risífà kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú mẹ́wàá. Èyí àkọ́kọ́ fúyẹ́ bí agolo mílíìkì. Ìwé ìlò èkejì kún fún àṣìkọ. Mo fún un ní máàkì mẹ́ta, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ó lè tún ìdánwò ṣe. Ẹ̀kẹta ló wọ́n jù. Ó wúwo bí àpò ìrẹsì, ìwé ìlò rẹ̀ sì nípọn bí ìwé orin ìjọ. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níbẹ̀, ní orí ìdúró, n kò rí àṣìkọ kan ṣoṣo.

“Daddy, ṣé ìwé lẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ̀rọ?” ọ̀gá tó ni ilé ìtajà bi mí.

“Ẹni tó kọ ìwé dáadáa kò ní dá ẹ̀rọ burúkú,” mo dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá fi sípíkà kékeré kan hàn mí, èyí tí wọ́n ń gbé sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. “Ẹ wo èyí àárín yìí, sà. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn yòókù ni kí wọ́n máa gbé orin àti ariwo wọn lọ.” Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni mo ti rà á lọ́kàn mi. Ó ní tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n dá a padà kí Sátidé tó tẹ̀lé e tó parí.

Ibi tí a ó gbé e sí ló kọ́kọ́ di wàhálà. Kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n kún fún àwo tánganran ìyàwó mi. Àwọn àwo wọ̀nyí kò tíì gbé oúnjẹ rí láyé wọn. Àlejò tí wọ́n ń dúró dè kò tíì dé. A kó wọn sínú páálí, a tì wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Ìyàwó mi ń wò wọ́n bí ẹni tó ń sin ọmọ lọ sí ìdálẹ̀.

Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi fíìmù sí i. Baba kan nínú fíìmù kígbe “Ẹ káàsán o!” láti inú sípíkà tó wà lẹ́yìn àga. Ìyàwó mi fò dìde, ó ti kúnlẹ̀ kí kọ́tìnnì kó tó yé e pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Sípíkà àárín tí mo tìtorí rẹ̀ ra gbogbo rẹ̀ kàn ń kùn bí ẹ̀fọn ni.

Mo padà sínú ìwé. Mo ti fo ìgbésẹ̀ kẹrin, èmi tí mo ti na ọmọ nítorí irú rẹ̀ rí. Ó ní kí n gbé máíkì kékeré tó wà nínú páálí sórí àga tí mo máa ń jókòó sí, ní ibi tí etí mi máa ń wà. Ẹ̀rọ náà yóò súfèé nínú sípíkà kọ̀ọ̀kan, máíkì yóò gbọ́ ọ, ẹ̀rọ yóò sì fi mọ bí pálọ̀ mi ṣe rí àti bí yóò ṣe pín ohùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ilé dákẹ́ rọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní Bajúlayé! Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìsàlẹ̀ ń sọ gbà-gà, gbà-gà. Ẹ̀rọ mi kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ariwo ti pọ̀ jù. Mo ní, “Mo mọ̀.” Ní Túsìdè iná lọ, gbogbo ilé tan jẹnẹrétọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ẹnì kan ń gún iyán, ọlọ́jà ń kiri, ẹ̀rọ tún kọ ọ́ pé ariwo ti pọ̀ jù. Ẹ má sọ pé kí n dúró di òru. Òru ni àwọn ìjọ tó yí wa ká máa ń gbàdúrà, àkèré inú gọ́tà sì ń ṣe àmín.

Ní àárọ̀ Tọ́sìdè, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyàwó mi gbé báàgì, ó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú.

“Sátidé ni mò ń bọ̀,” ó ní. “Tí mo bá dé tí nǹkan yìí kò sọ̀rọ̀ bí ọmọ ènìyàn, àwo mi ń padà sáyè wọn, òun náà ń padà sí Pedro. Etí mi ò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ o.”

Mo ronú, mo sì lọ bá alàgbà tó ni ilé ìtẹ̀wé. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá fi ọwọ́ kọ ìkéde ń fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀ ni. Mo ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́ pé kí gbogbo ará ilé jọ̀wọ́ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ní Sátidé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

“Tíṣà, kí ni kí n kọ pé ó fà á?”

N kò fẹ́ kí àwọn olè gbọ́ pé mo ra ẹ̀rọ olówó ńlá. Mo ní, “Ẹ kọ ọ́ pé nítorí ọ̀ràn pàtàkì kan tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa.”

Alàgbà wò mí. Ó ṣí fìlà. Ó ní òun kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó gbé e wá, mo fi gègé yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, mo rí i pé àmì ohùn kan kò sí lórí “jọ̀wọ́”, mo fi í sí i, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹnu àtẹ̀gùn. Ìlà dúdú tó nípọn tó yí etí páálí náà ká, n kò kà á sí. Páálí ìkéde òkú ló ṣẹ́kù nílé ìtẹ̀wé, òun ni alàgbà lò, ó sì rò pé ó bá a mu.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn ará ilé ti ń ṣe mí jẹ́jẹ́. Obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu géètì gbé búrẹ́dì wá fún mi, ó rọra sọ nǹkan kan tí etí mi kò gbé. Mo dúpẹ́. Wọ́n gbé páálí ohun mímu kan sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ní ní ọkàn mi pé, ìkéde tí a bá kọ dáadáa lágbára o.

Ní aago mẹ́rin Sátidé, iná wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Gbà-gà, gbà-gà dákẹ́. Ẹ̀rọ ìgẹrun onígbàjámọ̀ iwájú ilé kú. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo yọ́ lọ sójú fèrèsé. Gbogbo wọn wà ní ìsàlẹ̀ nínú àgbàlá, wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n sorí kọ́, àwọn ọkùnrin ti ṣí fìlà. Omi lé ròrò sí mi lójú. Mo ní, ẹ wo bí àwọn ènìyàn yìí ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ!

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, fíìì, fíìì, láti orí sípíkà kan bọ́ sí òmíràn. Obìnrin kẹrosíìnì fi etí ìborùn nu ojú.

Ó ku sípíkà kan nígbà tí ìyàwó mi wọlé láti géètì, báàgì lọ́wọ́, àpò gààrí lórí. Ó rí àwọn ènìyàn tó sorí kọ́. Ó gbójú sókè, ó rí mi lójú fèrèsé, mo fi ìka lé ètè. Ó rò pé ẹnì kan ló kú. Ọmọlúwàbí ni ìyàwó mi: ó sọ gààrí kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kẹrosíìnì, òun náà sorí kọ́.

Obìnrin yẹn la ojú. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde. Alàgbà náà wò, fìlà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Ṣómólú, n kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti sú ìfé ìkẹyìn, tó sì kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé iṣẹ́ parí.

“Ó ti parí o!” mo kígbe.

Ìgbà náà ni ohùn wá jáde lẹ́nu wọn. Ẹni tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn gba géètì jáde, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ni a rí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yé ara wa.

“Ta wá lẹ rò pé ó kú?” ìyàwó mi bi wọ́n. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. “Èmi?”

“Ẹ ó pẹ́ fún wa, Mọ́mì,” obìnrin kẹrosíìnì sọ. “A ò rí yín láti Tọ́sìdè. Èmi ò tiẹ̀ gbà á gbọ́.”

“O ò gbà á gbọ́, o wá ń sunkún?”

“Kẹrosíìnì ló ta sí mi lójú, mà.”

“Kí lo mú wá?”

“Búrẹ́dì, mà.”

“Mélòó?”

“Ọ̀kan ni, mà.”

“Èmi tí mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ méjì wá síbi ìsọmọlórúkọ rẹ! Búrẹ́dì kan! Alàgbà, ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi ni mo tẹ ìkéde,” alàgbà sọ kíá. “Ọ̀fẹ́ ni.” Ó wá kọjú sí mi. “Tíṣà, ẹ ò ṣe kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ni?”

Mo ní kí wọ́n máa gòkè bọ̀. Gbogbo wọn gòkè wá wo ohun tí wọ́n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, a jẹ búrẹ́dì, a mu ohun mímu. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi pamọ́ ti dé àdúgbò Ladi-Lak lọ́hùn-ún kí a tó jẹun tán.

Nígbà tí wọ́n lọ, ìyàwó mi jókòó, ó ká ọwọ́ gbera. “Ó yá, kó sọ̀rọ̀ ká gbọ́.”

Fíìmù ìyá tó lé ọmọ jáde ni mo fi sí i. Áà! Ọ̀rọ̀ ń jáde láti àárín, ó mọ́ gaara, orin dúró sí ẹ̀gbẹ́ bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa. Mo gbọ́ ohun gbogbo. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ìyá náà wá dé ẹnu ọ̀nà ọmọ. Mo na ọrùn. Ìyá náà la ẹnu.

Ó ní, “Ẹ ṣílẹ̀kùn, jọ̀ọ́. Òjò ń bọ̀.”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, fíìmù parí.

Mo wo ìyàwó mi. Àjà ló ń wò.

“Ó sọ̀rọ̀ bí ọmọ ènìyàn,” ó ní. “Kó dúró.”

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ ìdágbére mi, àti àwọn olùkọ́ méjì tó nu ojú. Mo ronú lórí gbogbo fíìmù tí mo ti wò láti ọdún wọ̀nyí wá. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà díẹ̀, sí ibi tí ìyá náà ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ òjò rẹ̀, kedere, láti inú sípíkà àárín.

Mo yíjú sí ìyàwó mi.

“Kí ló sọ?”

Ó wò mí títí. Ó wá tún ìró rẹ̀ ró, ó sún mọ́ mi lórí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀.