Ọ̀sẹ̀ Lẹ́tà F

Ọṣẹ ló fà á. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Àǹtí Ábídí dúró níwájú bésíìnì, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín rẹ̀. Kì í ṣe èyí tó hù lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó mú dání ni, eyín iwájú òkè mẹ́rin lórí rọ́bà pupa kan, tí dókítà eléyín ṣe fún un lẹ́yìn tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó yọ̀. Ó bọ́. Ìró kékeré kan lórí sìmẹ́ńtì, kò ju ìgbà tí ṣíbí bá kan ife tíì lọ.

"Kí nìyẹn?" Ọkọ rẹ̀ ló bèèrè láti pálọ̀. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí etí rẹ̀ ṣì mọ ìró ohun tó bàjẹ́.

"Eyín mi ló họ́."

"Ta ló họ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó họ mí. Òun ló họ́. Ó ti họ́ sí méjì."

Ọkùnrin náà dìde, ó yọjú. Ó wo ilẹ̀, ó wo ẹnu ìyàwó rẹ̀. "Áà. Ó fọ́."

"Kí ni mo ti ń sọ látẹ̀ẹ̀kan?"

"Pẹ̀lẹ́, ìyá àwọn ọmọ mi. Máa fọwọ́ júwe fún mi."

Ó bá a pe dókítà eléyín lórí fóònù. Dókítà ní èrìgì rẹ̀ ti yí padà, òun ní láti tún un wọ̀n kí òun tó ṣe òmíràn, àti pé bó ti wù kí òun yára tó, ọ̀sẹ̀ yìí á kọ́kọ́ parí. Funfun niyì eyín, báyìí làwọn àgbà wí. Wọn ò sọ èwo ni iyì àlàfo.

Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mìíràn ni, ì bá bo ẹnu rẹ̀, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́tà B, ètè méjì ló ń pàdé. D, ahọ́n ló ni ín. A àti E, kí èèyàn ṣáà ti lanu. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní gbogbo ìyẹn, ó sì gún régé. Ṣùgbọ́n F? Eyín òkè gbọ́dọ̀ jókòó sórí ètè ìsàlẹ̀, kí èémí gba àárín wọn kọjá. Kò sí eyín, kò sí F. Nínú gbogbo lẹ́tà inú ábídí, òun ló kàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá ló ni ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi náà. Obìnrin tó máa ń mú agogo ọwọ́ kiri bí ẹlòmíràn ṣe ń mú àpamọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sún lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí síwájú."

"Lẹ́tà wo?"

"Hí."

"Hí ṣì jìnnà, Àǹtí. Orí Fí la wà."

"Òun náà ni mo ń pè."

Ọ̀gá gbójú sókè. Àǹtí Ábídí gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó fi hàn án, ó sì yára dá ọwọ́ padà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ga. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fáwọn òbí pé F ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ti ń wá fìlà kiri. Bàbá kan tiẹ̀ ti ra fèrè." Ó gbé agogo rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí ìkejì. "Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà nílẹ̀. Olùkọ́ tuntun ń wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹnì kan á wà ní yàrá ábídí, ẹnì kan á lọ sí yàrá ìkókó. Ohun tí etí àwọn òbí bá gbọ́ ni mo máa tẹ̀ lé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ní mò ń ṣe ojúsàájú."

Yàrá ìkókó. Ìledìí àti ìgò wàrà, ká gbé èyí tó ń sunkún, ká gbé èyí tó ń sùn sílẹ̀. Iṣẹ́ ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí irun orí Àǹtí Ábídí ti dúdú ló ti wà ní yàrá ábídí. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ọmọ tó bá bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ láìmọ nǹkan kan, bó bá ń lọ, á lè ka orúkọ ara rẹ̀ lára àpò rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn láyé tó mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀. Òun náà mọ̀.

Ó dá ọgbọ́n. Bí ẹnu ò bá ṣe é, kí ọwọ́ ṣe é. Ó gé F ńlá ńlá lára páálí, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi gúlúù lẹ òwú mọ́ ọn. Wọ́n fi ìka kọ F sínú àwo iyanrìn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kọ. Wọ́n ká bébà aláwọ̀ pupa ṣe fèrè. Wọ́n ṣẹ́ bébà aláwọ̀ búlúù ṣe fìlà, òmíràn bò wọ́n lójú dé imú. Yàrá náà dákẹ́, àfi ìró sísọ́ọ̀sì àti imú tí wọ́n ń fà. Kí agogo oúnjẹ tó dún, ọwọ́ gbogbo wọn ti mọ F tinútòde.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a ò pè, àwòrán lásán ni. Ó gbé fìlà bébà kan sókè. Ó fi ọwọ́ òsì bo ẹnu.

"Hìlà."

Àwọn ọmọ gbé ọwọ́ òsì sókè. Wọ́n bo ẹnu.

"Hìlà."

Ó rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ó ní kí wọ́n dìde, gúlúù ti gbẹ mọ́ wọn níka. "Ó tó. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi omi. Ẹ họ ọwọ́ yín."

Wọ́n tò síwájú ẹ̀rọ omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọwọ́. Gbogbo wọn. Tọkàntọkàn. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Oníbéèrè, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbójú sókè.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀fọn ló jẹ wá ni?"

Àǹtí Ábídí dúró gbagidi. Ẹ̀fọn. Ọmọ yìí pè é. Eyín lórí ètè, èémí láàárín, ó já geere.

"Tún un pè."

"Ẹ̀fọn."

"Kí ni bàbá rẹ ń dé sórí?"

"Fìlà."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fà á lọ́wọ́ padà sí kíláàsì, ó sì nawọ́ sí ara pátákó, níbi tó kọ ọ́ sí gàdàgbà. "Èyí ńkọ́?"

Oníbéèrè bo ẹnu. "Hìlà."

Níbẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé e. Àwọn ọmọ náà gbọ́ èdè wọn dáadáa. Wọ́n ń fò, wọ́n ń fà, wọ́n ń fẹ́ bàlúùnù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹnu wọn ò sì wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lára pátákó, ti Àǹtí ni. Bí Àǹtí bá ṣe pè é ni wọ́n ṣe ń pè é. Fìlà tilé lọ́tọ̀, hìlà tiléèwé lọ́tọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: ẹ má wo ẹlòmíràn, ẹnu mi ni kí ẹ wò.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé fóònù wá. Ọkọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ fún un. "Fí. Fìlà. Fèrè. Fèrèsé." Ohùn awakọ̀, tó nípọn bí ìró ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n lọ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀kan bú sẹ́kún. Ọ̀kan ń béèrè ohun tí bàbá náà ń jẹ níbi tó wà. Kò sẹ́ni tó wo pátákó.

Ní Ọjọ́rú, ó ní kí Oníbéèrè jáde síwájú, kó máa pè é fáwọn yòókù. Ọmọ náà yọ̀. Ó na ọrùn bíi ti Àǹtí, ó mú igi ìtọ́ka bíi ti Àǹtí, ó sì fi ọwọ́ òsì bo ẹnu bíi ti Àǹtí.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ ọ́ bíi tilé."

"Ṣé tilé náà wà lára pátákó?"

"Òun náà ni."

"Kí ló dé tẹ́yin ò sọ tilé?"

Èsì èyíkéyìí tó bá fún un, á ní láti pè é.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó pinnu. Ó jókòó sórí ẹní láàárín wọn, ó gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó sì lanu. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú ẹni tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ tàbí dókítà, yàtọ̀ sí ti Ọ̀gá tó yára bí ìṣẹ́jú ojú.

"Ẹ wò ó. Kò sí eyín níbí. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mò ń pè kò ṣe dára. Ẹ̀yin ní eyín. Ẹ gbé e lé ètè. Ẹ má ṣe bíi tèmi."

Wọ́n sún mọ́ ọn. Ọ̀kan fi ìka kan ibẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kan ọmọ ẹyẹ.

"Ó rẹwà," ni Oníbéèrè wí.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká ètè òkè bo eyín wọlé. Kó lè jọ ti Àǹtí. Kí agogo ìparí tó dún, gbogbo wọn ti di arúgbó kéékèèké, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn láìsí eyín. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó ṣe bí ẹni ń bínú. Ó pín bisikíìtì fẹ́ni tó bá lè fi eyín hàn. Wọ́n fi eyín hàn, wọ́n gba bisikíìtì, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì tún ká ètè wọlé. Kò sí ìyà tó ju kí èèyàn máa kọ́ ọmọ, kí ọmọ sì máa mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Àwọn òbí jókòó sórí àga àwọn ọmọ, orúnkún wọn ga dé àyà. Bàbá Oníbéèrè gbé fèrè tó rà lé itan. Ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Àǹtí Ábídí wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn. Ó ti búra pé òun ò ní gbé wọn dẹ́nu òun lónìí. Bóyá bí àwọn ọmọ ò bá rí ọwọ́ lẹ́nu, wọ́n á gbàgbé.

Ọ̀gá lu agogo lẹ́ẹ̀kan. Ó nawọ́ sí lẹ́tà.

Àwọn ọmọ gbé ọwọ́ òsì sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ká ètè.

"Hí. Hìlà. Hèrè. Hèrèsé."

Ohùn kan ṣoṣo. Ó mọ́, kò sí ẹni tó kẹ́yìn, kò sí ẹni tó ṣáájú, títí kan ọmọ tó bú sẹ́kún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kíláàsì kan ò tíì gbọ́ ti Àǹtí Ábídí tó èyí.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ sọ níwájú. Ìyá kan fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Òmíràn ò rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ wọn báyìí?" Bàbá Oníbéèrè tẹ̀ síwájú lórí àga kékeré rẹ̀, ó rọra ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Fìlà ni, màmá mi. Fìlà. O mọ̀ ọ́n pè dáadáa."

"Nílé nìyẹn, Dádì. Níbí, hìlà ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Oníbéèrè yíjú, ó nawọ́ sẹ́yìn yàrá, inú rẹ̀ ń dùn. Gbogbo orí yí sí ibi fèrèsé. Àǹtí Ábídí fẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rántí, ó pa ètè dé.

Nígbà tí àwọn òbí ń jáde, Ọ̀gá dúró tì í. Ojú rẹ̀ kò le. Ìyẹn ló tún dùn ún jù.

"Ẹ rí i, Àǹtí. Mi ò ní nǹkan tí mo lè sọ fún wọn. Ìyá mẹ́ta ti dá mi dúró lọ́nà, wọ́n ń ráhùn."

Ó fẹ́ sọ pé, ẹ foríjì mí. Ó fẹ́ sọ pé, ẹ fún mi láàyè. Mo fẹ́ dúró. Ó wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ahọ́n rẹ̀, kò sí èyí tó ṣeé sọ jáde. Ó wá èyí tí kò nílò eyín.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí."

Ó jáde dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bàjẹ́ níbẹ̀.

"Mo gbọ́ yín," ni Ọ̀gá wí. Ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Lọ́jọ́ Ajé, ẹ bá mi lọ síbi àwọn ìkókó. Wọ́n á gbádùn yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn F páálí kúrò lára ògiri. Gúlúù ti mú wọn dáadáa, ọ̀dà ògiri ń tẹ̀ lé wọn. Ọmọ kan ṣì wà lórí ẹní, ìyá rẹ̀ kò tíì dé. Èyí tó fi ìka kan àlàfo náà lánàá. Ọmọkùnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, èwo ló kàn?"

"Gí."

"Gí," lọ́mọ náà wí. Ó ń wò ó lẹ́nu. Àǹtí Ábídí wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nikẹ́ni.

"Garawa," ló wí.

"Garawa."

"Gíláàsì."

"Gíláàsì."

Ọ̀nà ọ̀fun ló ti ń wá. Kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú eyín. Ì bá kọ́ wọn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kì bá sì ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ọmọ náà dé, ó tọrọ àforíjì pé ọ̀nà ló dí, ó gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àǹtí Ábídí ń gbọ́ ohùn ọmọ náà. Garawa. Garawa. Títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ìta.