Bàbá Mo-Ti-Gbọ́-Ọ àti Edé Tó Ń Sọ̀rọ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Àlọ́ mi ta ṣàà bí òróró gbígbóná. Kò ta sí àwo, kò ta sí ìkòkò, orí bàbá àgbà yín ló ta sí: ọkọ mi tó ń tún aago ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Mo-Ti-Gbọ́-Ọ.

Ẹ ti gbọ́ nípa ọjọ́ tó pa ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti bu iyọ̀ sí i jù.

Ìyá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ni, ọ̀gá rẹ̀ sì wá kí wa nílé. Ọ̀gá yìí, bó bá fẹ́ kí èèyàn káàárọ̀, oòrùn á ti kan àtàrí kó tó kí i tán. Ó dìde ní pálọ̀, ó fọwọ́ lé àyà, ó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ilé. Kò sẹ́ni tó láyà láti húkọ́. Àfi bí bàbá àgbà yín ṣe yọrí láti ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí oníhò lọ́wọ́:

"Ẹ dákẹ́! Edé ń sọ̀rọ̀!"

Ọ̀gá dákẹ́, ẹnu rẹ̀ ò pa dé. Gbogbo ilé wá ń gbọ́ ṣàà, ṣàà nínú agbada, títí ọkọ mi fi ké pé, "Mo ti gbọ́ ọ!" tó sì kó edé jáde. Ìyá yín ti fọwọ́ bojú, ó dá a lójú pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ọ̀gá jẹ ọ̀kan, ó dún kàrà lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ méje. Ó ní láti ogún ọdún tóun ti ń ṣe ọ̀gá, àwọn edé yìí ni ẹ̀dá àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ tóun jókòó tẹ́tí sí.

Ṣé ẹ rí i, etí ni ọkọ mi fi ń ṣiṣẹ́. Á gbé aago sétí, á dijú, á sì sọ ibi tó ń ṣe é. Ọgbọ́n yẹn náà ló gbé wọ ilé ìdáná. Ó ní edé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú òróró, igbe ló máa ń ké, torí omi ṣì wà lára rẹ̀. Bí omi bá ń tán, ohùn rẹ̀ á máa tín-ín-rín, bí òjò tó ń dá lórí páànù ilé. Ìgbà yẹn gan-an ni kí o kó o. Bí o bá yára jù, ó rọ̀. Bí o bá pẹ́ jù, èédú.

Kó tó dé inú òróró ńkọ́? Hàà! Awò ojú kan tó fi ń wo inú aago ló máa ń dè mọ́jú, á fi ẹ̀mú tín-ín-tìn-ìn-tín fa okùn dúdú ẹ̀yìn edé yọ. Á nù wọ́n gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó jáde nínú iwẹ̀. Á yí wọn nínú ìyẹ̀fun, á tì wọ́n bọ ẹyin pípò, á wá yí wọn nínú ẹ̀rún búrẹ́dì gbígbẹ. Ìpanu tí a fẹ́ fi dúró de oúnjẹ, òun náà la tún ń dúró dè.

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ò lè mú un mọ́ra lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣẹ́ abẹ lẹ ń ṣe fún un ni?"

"Bí o bá gbé aago wá, ṣé n ò ní yọ ìdọ̀tí inú ẹ̀ ni?"

"Edé mà ni! Ebi ń pa wá!"

Ó ṣí awò ojú sókè, ó wò ó. "Nọ́ọ̀sì tí ò ní sùúrù. Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣàìsàn lọ́jọ́ tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ọbẹ̀ tí a ń ti edé náà bọ̀, méjì ló dára: oyin tí a fi ata gígún pò, àti bọ́tà yíyọ́ tó ní aáyù àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta ni ti orí ara rẹ̀. Ó po kọfí mọ́ omi ọsàn, ó ní ayé á bá òun dúpẹ́. Ó bù díẹ̀ fún ológbò wa. Ológbò wo ọbẹ̀, ó wo ọkọ mi, ó kó lọ sílé aládùúgbò.

Ọdún ń gorí ọdún. Obìnrin aránṣọ kan gbé aago wá, okùn ọwọ́ rẹ̀ ló já. Ọkọ mi gbé e sétí, ó mi orí. "Aago yìí ti kú."

"Bàbá, ó mà ń rìn!"

Ó wo ọwọ́ aago tó ń sáré. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Ó rí mi ló fi jí."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oṣù yẹn kò parí tó fi ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní aago òde òní ti ya òmùgọ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni edé jóná. Ó dúdú bíi bàtà. Ọkọ mi ní bóun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ó sì dá gbogbo rẹ̀ jẹ tán kí ẹ̀rí má baà kù. Ìyá yín ní, "Bàbá mi, ẹ jókòó. Èmi ni n ó máa dín in láti òní lọ."

Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń yí ṣíbí oníhò lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá ọmọ mi, aago ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí agbada náà bá bọ́, kí ni wọn ó wá máa pè mí?"

Mo gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ gbé e kọ́ sí àyè rẹ̀ nílé ìdáná.

Ìgbà tó ku ọ̀la kí ọ̀gá ilé-ìwé tún wá, tòun tọ̀rẹ́ méjì, mo sọ fún ìyá yín pé bàbá rẹ̀ ló máa dín edé. Ó ní, "Màmá, ẹ ò rántí èédú ni?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Nígbà tí àlejò jókòó tán, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé ìka sókè: "Ẹ dákẹ́ o, edé fẹ́ sọ̀rọ̀." Ilé pa rọ́rọ́. Edé ń ké. Ọkọ mi dúró ti agbada, ó dijú bí ìṣe rẹ̀, òógùn ń ṣàn létí rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí ohùn edé ṣe tín-ín-rín báyìí, mo na ọwọ́, mo gbọn ìyẹ̀fun kúrò ní èjìká rẹ̀.

"Mo ti gbọ́ ọ!"

Kàrà! Kàrà! Ọ̀gá jẹ mọ́kànlá.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbọn ìyẹ̀fun ní èjìká tí kò sí ìyẹ̀fun. A ò sọ ọ́ síra wa. Ọjọ́ kan péré ló yíjú sí mi, ó wo ẹ̀wù tuntun ọrùn rẹ̀, ó ní, "Ìyá ọmọ mi, ẹ̀wù yìí mà mọ́ tónítóní."

Mo ní, "Ó ṣì kù díẹ̀ níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀."

Lónìí tí mò ń dín tiyín, bí ohùn edé ṣe ń dá bí òjò, ọwọ́ mi tún nà fúnra rẹ̀. Kò bá èjìká kankan. Mo bá gbọn tèmi, mo kó edé, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ó tó. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn. Ẹ fọ ọwọ́ olóyin yẹn kí ẹ tó fi kan aṣọ…

Ẹ dúró ná. Ta ló ń jẹ edé lábẹ́ aṣọ ìbora yẹn?

Má wulẹ̀ dákẹ́. Mo ti gbọ́ ọ.