Èèpo Ọsàn tí Kò Kún Òbìrí Mẹ́rin

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí aláyẹ̀wò ìjọba wá wo bí Ọ̀gbẹ́ni Akínadé, tíṣà ìṣirò wa, ṣe ń kọ́ni ní ilé-ìwé wa ní Ìyànà Ìyẹsí. A ti gbọ́ pé bí ẹ̀kọ́ náà kò bá yọrí, ìjọba yóò gbé tíṣà wa kúrò lọ sí Alápòtí, ibi tó jìnnà sí wa.

Tíṣà wa gé ọsàn sí méjì, wọ́n fi ojú rẹ̀ ya òbìrí mẹ́rin tó rí roboto sórí páálí, wọ́n sì pè mí síwájú.

"Ràṣídátù, bó èèpo rẹ̀, kí o tò ó sínú òbìrí wọ̀nyí. Yóò kún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́lẹ́. Bí ara ohun tó rí bíi bọ́ọ̀lù ṣe máa ń fẹ̀ tó nìyẹn."

Mo tò ó títí. Mẹ́ta kún, ìkẹrin ku ìdajì. Tíṣà wa nu òógùn ojú wọn, wọ́n bi mí pé,

"Àbí o jẹ èèpo ni?"

"Rárá o, sà!"

Aláyẹ̀wò dìde láti wo páálí náà. Bí wọ́n ṣe kẹ̀yìn sí kíláàsì, ẹ̀rín sọ. Èèpo ọsàn ńlá kan lẹ̀ mọ́ ìdí ṣòkòtò funfun wọn! Ó ti já bọ́ sórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo ń bó ọsàn, kí wọ́n tó jókòó. N kò mọ ìgbà tí mo já a, tí mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú òbìrí ìkẹrin. Ó kún gẹ́lẹ́!

Aláyẹ̀wò fọwọ́ kan ìdí wọn, wọ́n ní, "Ìṣirò yìí dájú."

Tíṣà wa kò kúrò. Láti ọjọ́ náà, bí ìṣirò kan bá kọ̀ láti pé, n kì í pè é ní irọ́ mọ́. Mo máa ń wá ibi tí ìyókù rẹ̀ wà.